Ìwé àṣẹ rédíò ham ti dé, ta ni yóò wá dá ọmọ tuntun lóhùn?

Kí télọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tó gba fírídọ̀ọ̀mù, yóò ti lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò ti yọ abẹ́rẹ́ tó há sínú ẹ̀rọ, yóò ti gé aṣọ oníbàárà kan kù, wọn yóò sì ti bá a wí títí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àwọn òbí rẹ̀ jọ, tí wọ́n gbàdúrà, tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìwé tó dé. Bí aṣọ kan bá sì dà á láàmú lẹ́yìn náà, ó mọ ilé ọ̀gá.

Lágbo rédíò ham, ìwé ló ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí ẹni tó máa kọ́ni bá wà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ yìí fi ń sọ ọ́ sínú àpótí kí ọdún tó yí po. Èrò wa ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ló tán nínú wọn. Wọ́n pè, ẹnikẹ́ni kò dáhùn ni.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, rédíò ham ni ìbánisọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, láìgba owó, láìpolówó ọjà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ rédíò tó ń ka ìròyìn. Ẹnì kan jókòó sílé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń gbé ohùn jáde, waya éríà wà lórí òrùlé tàbí lára igi, ó ń pe ẹni tí kò mọ̀ rí ní ìlú mìíràn. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní radioamateur. Ìjọba ló ń fúnni láṣẹ, pẹ̀lú orúkọ orí afẹ́fẹ́ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń fi orílẹ̀-èdè ẹni hàn: 5N fún Nàìjíríà, TY fún Benin, 5V fún Togo, 9G fún Ghana, TR fún Gabon.

Gabon yẹn la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, nítorí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ní Louis

Louis jẹ́ àdúgbò kan ní Libreville, tí wọ́n fi orúkọ ọba Mpongwe tó bá àwọn Faransé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1842 pè. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí pọ̀ níbẹ̀, ilé fara kan ilé, òkun kò sì jìnnà. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti àwọn Nago láti Benin ti ń ṣòwò ní Libreville láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ìlú yẹn kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún wa.

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TR8. Wọ́kítọ́kí kékeré láti China ni yóò kọ́kọ́ rà, nítorí òun ni owó rẹ̀ ká. Yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò dákẹ́, yóò tẹ́tí. Kò ní gbọ́ nǹkankan. Yóò tún pè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé ìkànnì mítà 2 tí wọ́kítọ́kí yẹn ń lò kì í sábà kọjá ibi tí ojú lè rí dé. Ògiri ń dí i, òkè ń dí i, ilé alájà pẹ̀lú ń dí i. Ní ìlú tí àwọn ham ti pọ̀, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ kan sí ibi gíga tí yóò gba ohùn kékeré, tí yóò sì tún un gbé jáde pẹ̀lú agbára. Rìpítà ni wọ́n ń pè é. Níbi tí kò bá ti sí rìpítà, tàbí tó wà ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí i, wọ́kítọ́kí yẹn kò yàtọ̀ sí fóònù tí kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú.

Ohun kan náà ló ń lé àwọn tuntun lọ ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré, wọ́n gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, wọ́n ta ẹ̀rọ. Àmọ́ ti ọmọ Louis yìí ní apá kejì tí ti àwọn ará ibẹ̀ kò ní.

Ká ní ó tiraka, ó rí ẹ̀rọ ńlá àlòkù tó ń lo ṣọ́ọ̀tì wéfù rà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo agbára tó tó wáàtì 100, ìyẹn iye tí gílóòbù àtijọ́ kan ń jẹ. Onílé gbà kó ta waya sókè páànù. Ó wá lọ sí ìkànnì mítà 20, ní nǹkan bíi mẹ́gáhátísì 14. Ohùn orí ìkànnì yìí kì í tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkè sánmà ló ń lọ, yóò ta padà níbẹ̀, yóò sì sọ̀kalẹ̀ ní ibi tó jìn gan-an. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó mí, ogunlọ́gọ̀ ohùn ti bò ó láti Ítálì, láti Rọ́ṣíà, láti Japan, láti Amẹ́ríkà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọjà Oyingbo lọ́jọ́ ọdún.

Kí ló dé? Àwọn ham kárí ayé ń kó orílẹ̀-èdè jọ. Ẹgbẹ́ ARRL ní Amẹ́ríkà ní àkójọ orílẹ̀-èdè àti erékùṣù 340 tí wọ́n ń kà fún àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ DXCC. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ti bá 100 nínú wọn sọ̀rọ̀ ló ń rí i gbà. Jámánì àti Ítálì kò ṣòroó rí. TR yàtọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ TR lórí afẹ́fẹ́ lè má tún gbọ́ ọ mọ́ fún oṣù púpọ̀, kò sì fẹ́ kó kọjá òun.

Ó yẹ kí inú ẹni dùn pé gbogbo ayé ń wá òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lórí rédíò rí, tí gbogbo ayé ń pariwo mọ́, tí àwọn kan sì ń bú nítorí pé ó pẹ́ kó tó dá wọn lóhùn, yóò pa ẹ̀rọ ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà tí ọ̀gá kan lè fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ọ. Kó sọ pé àwọn tí nọ́ńbà 1 wà nínú orúkọ wọn nìkan ni kí wọ́n pe òun, kó tó kan 2, títí yóò fi kan 9. Kó máa sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan, kó sì ní kí wọ́n máa dá òun lóhùn ní kílóhátísì 5 sókè, kí ariwo wọn má baà bo ohùn tirẹ̀. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú òun. Ẹni tó bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí lè jókòó ti ariwo náà fún wákàtí mẹ́ta kó sì máa rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ohun méjì ló ń lé ọmọ tuntun lọ ní Libreville: ìdákẹ́jẹ́ lórí wọ́kítọ́kí, ariwo lórí ṣọ́ọ̀tì wéfù. Ìkan náà ni oògùn àwọn méjèèjì. Ènìyàn kan tó mọ̀nà ni.

Àlejò tó ń fi orúkọ wa sọ̀rọ̀

Ohun tó yẹ kó dùn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Láti ọdún gbọ́nhan ni àwọn ham láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń wọ bàálù wá sí Áfíríkà pẹ̀lú àpótí ẹ̀rọ àti òpó éríà. Wọn yóò gba àṣẹ ìgbà díẹ̀, wọn yóò jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì létí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọn yóò bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, wọn yóò sì di ẹrù wọn padà sílé. Fún ọ̀pọ̀ ham láyé, ohùn àlejò bẹ́ẹ̀ nìkan ni ohùn tí wọ́n gbọ́ rí láti orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ wa. Lákòókò yẹn gan-an, ìwé àṣẹ ọmọ ìlú wà nínú àpótí.

A kò bínú sí àwọn àlejò. Owó ara wọn ni wọ́n ń ná, àwọn míì nínú wọn sì máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá nílé. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí àjọ tó ń fún wọn láṣẹ fi gbólóhùn kan kún un: kí wọ́n yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ méjì fún àwọn ham tuntun ìlú, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ, kí wọ́n di gbohùngbohùn mú. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá igba èèyàn lóhùn lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní fi ìwé àṣẹ sínú àpótí mọ́.

Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu pé Gabon ló bá ara rẹ̀ nípò yìí, nítorí orílẹ̀-èdè tó mọ rédíò ni. Lọ́dún 1981 ni ilé iṣẹ́ Africa No 1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Libreville, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Moyabi sì ń fi agbára kílówáàtì 500 gbé ohùn jáde lórí ṣọ́ọ̀tì wéfù. Àwọn bàbá wa tó ń gbọ́ Faransé ní Cotonou àti Porto-Novo mọ orúkọ yẹn dáadáa. Agbára ẹ̀rọ kan ní Moyabi tó ti ẹ̀rọ ham ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Gabon ní ẹgbẹ́ àwọn ham tirẹ̀ pẹ̀lú, Association Gabonaise des Radio-Amateurs, bí Nàìjíríà ṣe ní Nigerian Amateur Radio Society.

Iye orúkọ inú ìwé kọ́ ni iye ohùn

Bí ẹgbẹ́ kan bá sọ fún wa pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ti pọ̀ sí i, ìbéèrè wa ni pé: mélòó nínú wọn la gbọ́ lóṣù tó kọjá?

Japan ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lórí èyí. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, iye ibùdó ham tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ ju 1.3 mílíọ̀nù lọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ wọn. Lónìí, iye náà kò tó 400,000. Fóònù alágbèéká wà lára ohun tó fà á, òótọ́ ni, nítorí àwọn kan gba ìwé àṣẹ kí wọ́n lè máa bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò ni. Nígbà tí fóònù dé, kò sí ohun mìíràn tó dè wọ́n mọ́ rédíò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìwé àṣẹ ibùdó ń parí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlọ wọn fi tètè hàn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá ni ìwé àṣẹ ń lò, nítorí náà ẹni tó pa rédíò tì lọ́dún kìíní ṣì wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án sí i, wọ́n ṣì ń kà á mọ́ àwọn tó wà.

Gbogbo ohun tí àwọn aláṣẹ ti ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni láti fẹ ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 1991, Amẹ́ríkà yọ ìdánwò Morse kúrò nínú ìpele ìwé àṣẹ kan. Lọ́dún 2002, Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé àṣẹ ìpele àkọ́kọ́ tó rọrùn sílẹ̀. Lọ́dún 2003, àpérò àgbáyé lórí rédíò fi Morse sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu. Ó dára, a fara mọ́ ọn. Ìdánwò tó ń dẹ́rù bani kò sọ ẹnikẹ́ni di ham rere. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà láìgbá àgbàlá. Àlejò wọlé, kò rí àga.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ọ̀nà gan-an ṣì há. Ẹni tó bá gbé òpó éríà sókè ilé ní àwọn ìlú wa mọ ojú tí àwọn aládùúgbò fi ń wò ó, ó sì mọ ìbéèrè tí ọlọ́pàá yóò bi í. Nítorí náà, ẹni tó bá fara da gbogbo ìyẹn tó sì gba ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹni tó yẹ ká jẹ́ kó bọ́ lọ. Bí Amẹ́ríkà bá pàdánù ọgọ́rùn-ún tuntun, wọn ò ní mọ̀. Bí Gabon bá pàdánù márùn-ún, ó lè jẹ́ gbogbo àwọn tó gbà á lọ́dún yẹn nìyẹn.

Kí ni a ń fi pamọ́?

Ẹlòmíì yóò sọ pé eré ìdárayá lásán ni, ṣé dandan ni kéèyàn dúró sí i? Kì í ṣe dandan. Àmọ́ ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ ní Gabon, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kò padà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, ọjọ́ tí àwọn ológun lé Ali Bongo kúrò lórí àlééfà. Ẹ sì rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, tí báńkì àti iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, Ghana, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì rí i bí ìgbésí ayé ṣe rí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

A kò ní parọ́ fún yín níbí. Rédíò ham kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tako ìjọba, kò sì lè rọ́pò báńkì. Òfin àgbáyé kò gba ọ̀rọ̀ òwò lórí rẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n dì ní àdììtú, kò sì gbà kéèyàn máa bá ẹlòmíràn jíṣẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi nígbà pàjáwìrì tàbí àjálù. Ìjọba tó bá gé íntánẹ́ẹ̀tì lè dá ham lẹ́kun pẹ̀lú. Ohun tí rédíò yìí wà fún ni ọjọ́ tí omíyalé bá dé, tí òpó fóònù bá ṣubú, tí àwọn adójútòfò pàjáwìrì bá nílò ẹni tó lè bá ìlú kejì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú bátìrì mọ́tò àti waya kan. Èèyàn kì í sì í kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ àjálù. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ló máa wúlò lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú àpótí yóò wá máa wá ibi tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ.

Ohun tó ń mú èèyàn dúró

Kì í ṣe owó ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ohun kan wà tí owó wọn kéré tí àwọn àgbà kì í ronú kàn.

Ibùdó òfurufú àgbáyé, ISS, ń yí ayé po láàárín nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, rédíò ham sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1983 tí Owen Garriott ti kọ́kọ́ fi rédíò ham sọ̀rọ̀ láti òfurufú ni nǹkan náà ti wà. Nígbà tó bá ń kọjá lórí Libreville tàbí Ìbàdàn, tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá sì ń lo rédíò náà, wọ́kítọ́kí tí a ń bú lẹ́ẹ̀kan yẹn lè gbọ́ wọn ní mẹ́gáhátísì 145.800. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kó tó wọ̀. Kò sí ohun tó lè yí ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún padà bíi kó gbọ́ ohùn láti òkè yẹn nínú ẹ̀rọ tó ti rò pé ó ti bàjẹ́.

Díìṣì wà lórí òrùlé ní Louis, ó wà ní Mushin, ó wà ní Cotonou. Sátẹ́láìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní QO-100. Wọ́n jù ú sókè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, wọ́n sì ṣí i fún àwọn ham ní oṣù Kejì ọdún 2019. Ojú kan náà ló ń dúró sí lójú ọ̀run, láti Brazil títí dé Thailand ló sì ń gbọ́ni. Láti Libreville, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ẹni, igi àti ilé kò lè dí i. Díìṣì àlòkù pẹ̀lú orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ti tó láti fi máa gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Láti dá wọn lóhùn ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n gbígbọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń wo ọwọ́ ọ̀gá.

FT8 náà ńkọ́? Ètò kọ̀ǹpútà kan ni, Joe Taylor, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1993, àti Steve Franke ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà tí etí èèyàn kò lè gbọ́ nǹkankan. Láàárín ilé tí jẹnẹrétọ̀ àti gílóòbù LED ti ń da ariwo sínú rédíò, ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Àwọn àgbà kan kórìíra rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe rédíò. A ò bá wọn fà á. Àmọ́ a ti rí i pé ẹni tó bá fi FT8 nìkan bẹ̀rẹ̀ máa ń kó orúkọ ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè jọ láìmọ orúkọ èèyàn kan ṣoṣo, tó bá sì kó wọn tán, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Ọ̀nà àbáwọlé ni. Kò ṣeé gbé.

Èyí ló gbé wa padà sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Bí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí ọmọ kan sì wọlé lórí ìkànnì yín, tó gbàgbé láti pe orúkọ rẹ̀, tàbí tó sọ̀rọ̀ bo ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo ayé. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ pè é lórí fóònù lẹ́yìn náà. Ó sì sàn kí ẹgbẹ́ yan àgbà kan fún ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá jáde, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí àgbà náà sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò bá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan má kọjá. Bí àjọ ARCEP ní Gabon àti NCC ní Nàìjíríà bá fẹ́ ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tún ìwé àṣẹ ṣe máa pààrà ọ́fíìsì bí ẹni ń wá ìwé ilẹ̀.

Àsìkò náà kò dúró. Bí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, ohùn orí ṣọ́ọ̀tì wéfù máa ń lọ jìnnà, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá sì ni agbára rẹ̀ fi ń lọ sókè tó sì ń wálẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, NASA àti NOAA kéde pé ó ti dé òkè téńté rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó gba ìwé àṣẹ lásìkò yìí rí ìgbà ọ̀pọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àwọn ìkànnì kan yóò dákẹ́, ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ lórí afẹ́fẹ́ yóò sì rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́.

Àbá wa tó kẹ́yìn kò le rárá. Láti Libreville sí Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 950 ni. Cotonou jìnnà díẹ̀ sí i, kò ju bíi 1,000 lọ. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Libreville nítòsí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ jálẹ̀ ọdún, àti pé Libreville, Èkó àti Cotonou ń lo aago kan náà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìkànnì mítà 40, ní mẹ́gáhátísì 7, ló dára jù fún irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, wáàtì 100 àti waya tí wọ́n ta sábẹ́ igi sì tó o. Ní Ẹkùn Kìíní àjọ IARU, tí Áfíríkà wà nínú rẹ̀, kílóhátísì 7110 ni wọ́n yàn pé kí àwọn ham pé lé lórí nígbà pàjáwìrì lórí ìkànnì yìí. Kí àwọn ham tiwa yan ibì kan nítòsí rẹ̀, ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, kí wọ́n sì máa pàdé níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, níbi tí òfin orílẹ̀-èdè wọn bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Yorùbá kì í ṣe àdììtú. Ẹni tó bá wà ní Louis yóò mọ̀ pé lálẹ́ Sátidé, bí òun bá pe orúkọ òun, ẹnì kan ní Mushin tàbí ní Porto-Novo yóò sọ pé, "Ẹ káalẹ́ o, TR8, mo gbọ́ yín dáadáa. Báwo ni òjò ṣe rí lọ́hùn-ún?"